Ṣé Oòrùn Ló Pa Á Ni, àbí Ìpara Ló Fi Para? Bí A Ṣe Ń Fi Àwọ̀ Inú Fọ́tò Dá Méjèèjì Mọ̀

Ìdájọ́ kan wà tí ó rọrùn láti ṣì ní àwọn ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fi lésà yọ irun ara ní Britain. Oníbàárà òyìnbó kan wọlé, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú ju bí wọ́n ti rí nígbà tó wá kẹ́yìn lọ. Òṣìṣẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó wò ó lójú fóònù, ó sì ní àwọ̀ náà jọ ti ọsàn, nítorí náà ìpara ni, ìyẹn irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń mú ara wọn dúdú láìsí oòrùn. Bí wọ́n bá tún ya apá kan náà lẹ́bàá fèrèsé, àwọ̀ ọsàn yẹn lè pòórá pátápátá, nítorí pé iná yàrá àti àtúnṣe tí fóònù ń dá ṣe lè yí àwọ̀ fọ́tò padà ju bí ìpara ṣe lè yí ara padà lọ. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn náà kì í ṣe ohun eré. Ohun dúdú ni lésà ń wá kiri láti sun, kò sì mọ irun yàtọ̀ sí awọ. Yálà oòrùn ló pa oníbàárà ni o, yálà ìpara ló fi para ni o, a gbọ́dọ̀ sún iṣẹ́ náà síwájú, ṣùgbọ́n ìdádúró ti ìpara máa ń kúrú, torí pé àwọ̀ rẹ̀ ń bó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà tí ti oòrùn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìlànà tí gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́ ni pé a kì í ṣe ìdájọ́ lórí bí awọ ṣe rí nínú fọ́tò. Ohun tí a ń wọ̀n ni bí ibi tó dúdú ṣe kúrò lára àwọ̀ tí ẹni náà gbé wá sáyé, a sì ń wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ pupa náà dínkù níbẹ̀ tàbí búlúù nìkan ló dínkù. Oòrùn máa ń mú kí ara pèsè melanin, èròjà tó ń mú awọ dúdú, sí i, melanin sì ń gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbé búlúù mì ju pupa lọ. Ìpara ní tirẹ̀ ní dihydroxyacetone nínú, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní DHA. Òun àti àwọn èròjà inú ìpele òkú tó wà lókè pátápátá lára awọ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ooru ààrò ṣe ń sọ èèpo búrẹ́dì di pípọ́n. Ohun pípọ́n tí ó bá tibẹ̀ jáde ń gbé búlúù mì dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí pupa kọjá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i lọ́wọ́ rárá.

Kí ẹ tó náwó tàbí lo àkókò, ẹ mọ ibi tí ọ̀nà yìí kò dé. Ibùsùn oníná tí àwọn òyìnbó ń sùn lé láti mú ara wọn dúdú ń pèsè melanin gidi, abẹ́rẹ́ Melanotan náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára oòrùn, ẹnu oníbàárà nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ. Bákan náà, kò wúlò fún awọ bíi tèmi àti tiyín, nítorí pé melanin tó ti wà nílẹ̀ ti gbé púpọ̀ nínú búlúù mì kí ìpara tó dé, kò sì sí àyè fún ìyàtọ̀ tí a lè wọ̀n pẹ̀lú ìdánilójú.

Ohun tí ẹ nílò

- Kámẹ́rà tàbí fóònù tí ó lè fi fọ́tò pamọ́ ní RAW (fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe gbà á gan-an, láìsí àtúnṣe), tí ẹ sì lè tì àwọn ètò rẹ̀ pa kí ó má baà máa yí wọn fúnra rẹ̀. Lórí Android, Open Camera tó fún púpọ̀ nínú àwọn fóònù.
- Káàdì àwọ̀ alápótí 24 tí wọ́n ń pè ní ColorChecker. Bí agbára kò bá ká a, káàdì aláwọ̀ eérú ti àwọn oníṣẹ́ fọ́tò lè dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè ṣe gbogbo àyẹ̀wò Ìpele 4.
- Orísun ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo: yálà fèrèsé ní ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tàbí iná LED tí a kọ CRI (ìwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí) 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ara páálí rẹ̀.
- Aṣọ dúdú, òwú funfun, omi ọṣẹ, àti gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara.
- Kọ̀ǹpútà tí RawTherapee tàbí darktable (àwọn ètò tó ń ṣí fọ́tò RAW) wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú Fiji (ètò tó ń wọn àwọ̀ inú àwòrán). Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
- Ìyọ̀ǹda oníbàárà ní kíkọ sílẹ̀. Fọ́tò awọ ara aláìsàn tàbí oníbàárà lè jẹ́ ìsọfúnni nípa ìlera lábẹ́ òfin Britain, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa gbé orí fóònù tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ rí fọ́tò rẹ̀ lórí Instagram kò sí nínú iṣẹ́ yìí: ẹ kò mọ iná rẹ̀, ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi tún fọ́tò náà ṣe, òun náà kò sì pè yín.

Ìpele 1: Ẹ pèsè ara oníbàárà sílẹ̀

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibi tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ fi òwú funfun nù ún. Bí òwú náà bá gba àwọ̀ pípọ́n, àtíkè tàbí ohun ìṣaralóge tó ń ṣí kúrò lójú ẹsẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ tán kí ẹ tó tẹ̀síwájú, torí pé DHA kì í bá òwú jáde bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti gbé ara wọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí awọ sinmi fún bí ìdá mẹ́rin wákàtí, nítorí pé fífọ̀ àti nínù máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sókè, pípọ́n ẹ̀jẹ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó ń da ìṣirò rú jù lọ.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: ìgbà wo ni ó wà nínú oòrùn kẹ́yìn, ìgbà wo ni àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, àti pé ṣé ó ń jẹ kárọ́ọ̀tì tàbí ó ń mu omi rẹ̀ púpọ̀. Ìbéèrè kejì wúlò ju bí ó ti jọ lọ. Àwọ̀ ìpara máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàárín wákàtí mélòó kan láìsí pé ara kọ́kọ́ pọ́n. Àwọ̀ oòrùn tó máa ń pẹ́ lára kì í yọ dáadáa títí di bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kárọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ máa ń sọ àtẹ́lẹwọ́ di àwọ̀ ìyeyè, ẹ ó sì rí ìdí tí èyí fi kàn wá ní Ìpele 6.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi gíláàsì tẹ ibi tí ẹ fẹ́ yà. Bí ó bá funfun lábẹ́ gíláàsì, tí ó sì tún pọ́n wá gidigidi bí ẹ ṣe gbé e kúrò, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹ dúró sí i. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ jó o ni, ẹ sún yíya fọ́tò di ọjọ́ mìíràn.

Ìpele 2: Ẹ to ìmọ́lẹ̀ àti kámẹ́rà

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ pa gbogbo iná tó kù nínú yàrá. Bí iná òkè àjà bá ń tàn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń wọlé, apá kan ara yóò pọ́n, apá kejì yóò sì ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, kò sì sí àtúnṣe kọ̀ǹpútà tó lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi aṣọ dúdú bo aṣọ oníbàárà àti ẹ̀yìn ibi tó jókòó sí. Aṣọ pupa tàbí ògiri aláwọ̀ máa ń ju àwọ̀ tirẹ̀ sára awọ tó wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ní igun bíi dígírì 45, kí kámẹ́rà dojú kọ awọ gan-an. Báyìí ni dídán ara kò fi ní padà sínú lẹ́ńsì. Ibi tó ń dán ń ṣàfihàn àwọ̀ iná, kò ṣàfihàn àwọ̀ awọ, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ẹni tí ó bá ní fílítà méjì tí wọ́n ń fi dín dídán kù lè fi ọ̀kan sójú iná, kí ó fi èkejì sójú lẹ́ńsì, kí ó máa yí i títí tí dídán yóò fi lọ. Èyí ló dára jù, ṣùgbọ́n kò pọn dandan.

Lórí kámẹ́rà, ẹ pa ẹwà àtọwọ́dá, ẹ pa HDR (tó ń pa fọ́tò mélòó kan pọ̀ di ọ̀kan), ẹ pa fíláàṣì. Ẹ yan RAW, kí ẹ sì tì ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ funfun sí ibi kan náà fún gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ ya káàdì àwọ̀ ní ojúkò tí apá oníbàárà yóò wà, lẹ́yìn náà ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ apá náà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe lo bébà ìtẹ̀wé lásán dípò káàdì: wọ́n máa ń fi èròjà amúfunfun sínú bébà bẹ́ẹ̀, tí ó ń mú kí ó máa tan búlúù jáde, gbogbo awọ tí ẹ bá sì fi í ṣe òdiwọ̀n fún yóò pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, débi tí gbogbo oníbàárà yín yóò fi dà bí oníìpara.

Ìkìlọ̀ kan tó kan àwa gan-an: ẹ má ṣe fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ WhatsApp. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà, WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, àwọ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ń fi ṣòfò. Okùn USB ni kí ẹ lò.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí fọ́tò káàdì náà. Apótí funfun tó mọ́lẹ̀ jù kò gbọdọ̀ dé 255 nínú pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù; bí ọ̀kan bá dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ tún un yà.

Ìpele 3: Ẹ yan àwọn ojúkò

Ẹ ya inú apá òkè, níbi tí ó máa ń kan ìhà, ẹ̀yìn apá ìsàlẹ̀ tí oòrùn máa ń pa, àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ nínú fọ́tò kan, àárín ìka ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́, àti ẹ̀yìn etí. Bí ẹsẹ̀ bá wà nínú iṣẹ́ lésà náà, ẹ fi kókósẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ kún un.

Inú apá òkè ni ó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ àbímọ́ wa fún ìfiwéra. Ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ ni pé ẹni tí wọ́n fín ìpara sí lára láti orí dé ẹsẹ̀ yóò ti gba DHA síbẹ̀ náà. Bí inú apá òkè bá dúdú tó ẹ̀yìn apá ìsàlẹ̀, ẹ fura: oòrùn kì í pa méjèèjì bákan náà. Ẹ wá òdiwọ̀n mìíràn, bí abẹ́ aago ọwọ́, ojú ìlà irun orí, tàbí fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú káàdì àwọ̀ nígbà tí oníbàárà kọ́kọ́ wá. Fọ́tò àkọ́kọ́ yìí ni ó dára jù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé gbogbo ilé ìtọ́jú ló yẹ kí ó máa yà á.

*Àyẹ̀wò:* Ojúkò ìfiwéra gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ju ojúkò tí ẹ ń dán wò lọ lójú lásán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe lọ sí Ìpele 5.

Ìpele 4: Ẹ tún àwọ̀ fọ́tò ṣe

Nínú RawTherapee tàbí darktable, ẹ fi ohun èlò àwọ̀ funfun tẹ ọ̀kan nínú àwọn apótí aláwọ̀ eérú inú káàdì, kí ẹ sì lo àtúnṣe kan náà fún gbogbo fọ́tò tí ẹ yà lábẹ́ iná yẹn. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń mú àwọ̀ tàn sí i àti ohun tó ń mú kí dúdú dúdú sí i. Ẹ kó o jáde ní TIFF (irú fáìlì fọ́tò tí kì í ju àwọ̀ nù) oníbíìtì 16, ní àyè àwọ̀ sRGB, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣàfihàn àwọ̀. JPEG kò dára níbí, torí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń pa àwọ̀ píksẹ́lì tó fara kan ara wọn pọ̀ di ọ̀kan.

*Àyẹ̀wò:* Ìlà ìsàlẹ̀ ColorChecker ní apótí mẹ́fà, láti funfun dé dúdú. Ní ìwọ̀n CIELAB (tó ń fi nọ́ńbà mẹ́ta sọ àwọ̀: L\* fún bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó, a\* láti àwọ̀ ewé dé pupa, b\* láti búlúù dé ìyeyè), a\* àti b\* wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ 0, kí ó má ju 2 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí apótí funfun bá tọ́ ṣùgbọ́n tí àwọn tó dúdú ní àwọ̀, ó ṣeé ṣe kí iná mìíràn ti yọ́ wọ yàrá. Ẹ padà sí Ìpele 2.

Ìpele 5: Ẹ mú nọ́ńbà jáde kí ẹ ṣe ìṣirò

Ẹ ṣí TIFF nínú Fiji. Lórí ojúkò kọ̀ọ̀kan, ẹ fa àpótí mẹ́ta tó tó èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ yẹra fún irun, iṣan búlúù, àmì dúdú àti ibi tó ń dán. Ẹ mú nọ́ńbà àárín (median), kì í ṣe ìpíndọ́gba, torí pé irun kan tàbí ibi dídán kan lè fa ìpíndọ́gba kúrò ní ọ̀nà.

Nọ́ńbà inú sRGB kì í ṣe iye ìmọ́lẹ̀ gan-an: 128 nínú 255 kì í ṣe ìdajì ìmọ́lẹ̀, kò ju bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹ fi nọ́ńbà tó ga jù lọ pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan (255 fún oníbíìtì 8, 65535 fún oníbíìtì 16), ẹ fi 0.055 kún un, ẹ fi 1.055 pín in, kí ẹ gbé e sí agbára 2.4. Ẹni tí ó bá fo ibí yìí yóò rí èsì tó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa yí padà bí iná bá ti yí padà.

Lẹ́yìn náà, fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi iye ojúkò tó dúdú pín iye ojúkò ìfiwéra, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì log lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Nọ́ńbà tó jáde ni iye tí ìmọ́lẹ̀ náà fi dínkù. Ẹ wá fi ti búlúù pín ti pupa.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ lásán ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní inú apá jẹ́ 0.52 nínú pupa àti 0.26 nínú búlúù. Bí ẹ̀yìn apá bá jẹ́ 0.43 àti 0.18, ìdínkù pupa jẹ́ 0.08, ti búlúù jẹ́ 0.16, ìpín wọn sì jẹ́ nǹkan bíi 0.5: pupa náà ti dínkù gidi, ó sì jọ iṣẹ́ melanin. Bí ẹ̀yìn apá bá jẹ́ 0.50 àti 0.17, ìdínkù pupa jẹ́ 0.02, ti búlúù jẹ́ 0.18, ìpín náà sì jẹ́ nǹkan bíi 0.1: búlúù ti lọ, pupa sì wà ní ipò rẹ̀, èyí tí í ṣe àmì ìpara.

Ẹ má ṣe sọ 0.5 tàbí 0.1 yìí di òfin. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń rí pupa, nítorí náà ẹ wá àwọn òṣìṣẹ́ tó yọ̀ǹda ara wọn, tí ẹ mọ̀ dájú pé oòrùn ló pa wọ́n, àti àwọn tó fi ìpara pa ibi kékeré kan ní apá. Ẹ wọn gbogbo wọn pẹ̀lú kámẹ́rà àti iná yín, kí ẹ sì fi èsì wọn ṣe ààlà. Ohun tó bá bọ́ sí àárín ààlà méjèèjì, ẹ kọ "kò dájú" sí i.

Ìdẹkùn kan wà níbí tó lágbára ju gbogbo èyí tó kù lọ: ẹ̀jẹ̀ náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé pupa mì. Ara tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ jó yóò fún yín ní ìpín kékeré bíi ti ìpara, ẹ ó sì pe olóòótọ́ ní onírọ́. Àwọ̀ ewé ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Fún melanin, búlúù ló dínkù jù, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, pupa sì gbẹ́yìn ní àtẹ̀gùn tó mọ́yán lórí. Fún ìpara, búlúù ga jù, àwọ̀ ewé wà ní àárín, pupa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Fún ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ewé ni ó máa ń dé ipò búlúù tàbí kí ó kọjá rẹ̀.

Ẹ lè fi ìwọ̀n ITA (Individual Typology Angle) tì í lẹ́yìn, èyí tí àwọn onímọ̀ awọ ara ń lò: ẹ yọ 50 kúrò nínú L\*, ẹ fi b\* pín in, kí ẹ wá igun rẹ̀ ní dígírì (bọ́tìnnì tan⁻¹). L\* 65 pẹ̀lú b\* 17 yóò fún yín ní nǹkan bíi 41. L\* 58 pẹ̀lú b\* 20 yóò fún yín ní nǹkan bíi 22. Ó ń sọ bí awọ ṣe dúdú tó, kò sọ ohun tó mú un dúdú, nítorí náà ẹ má ṣe fi òun nìkan dájọ́. Ẹni tí ITA àbímọ́ rẹ̀ bá ti wà lábẹ́ 10, ẹ má ṣe lo ọ̀nà yìí fún un. Ẹni tí ó bá ń fi OpenCV (irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán) ṣe iṣẹ́ yìí ní láti mọ̀ pé búlúù ló ń kọ́kọ́ kà kí ó tó ka pupa, àti pé nínú fọ́tò oníbíìtì 8, ó máa ń na L\* dé 255, ó sì máa ń fi 128 kún a\* àti b\*.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi inú apá òsì wé inú apá ọ̀tún. Ìdínkù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ sún mọ́ 0. Bí wọn kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yín kò tẹ́jú.

Ìpele 6: Ẹ wo ibi tí àwọ̀ náà pọ̀ sí

Ẹ sọ fọ́tò náà di Lab nínú Fiji, kí ẹ wo b\* nìkan. DHA máa ń pọ̀ níbi tí ìpele òkú awọ ti nípọn tàbí ti gbẹ: ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, kókósẹ̀, oríkèé ìka, àtẹ́lẹwọ́. Ìlà ààlà ní ọrùn ọwọ́, ipa tí ìpara ti ṣàn sísàlẹ̀, àti èékánná tó ti pọ́n jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Oòrùn kì í pa àtẹ́lẹwọ́ òyìnbó bẹ́ẹ̀. Ibi tí okùn aṣọ tàbí aago gbà kọjá ni àmì tirẹ̀ máa ń wà, àwọn àmì tóótòòtó ojú àti èjìká sì máa ń dúdú sí i. Ẹni tí ó ń jẹ kárọ́ọ̀tì púpọ̀ lè ní àtẹ́lẹwọ́ aláwọ̀ ìyeyè láìfi ìpara kankan kan ara, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́ nìkan kò tó láti fi dájọ́.

*Àyẹ̀wò:* Ó yẹ kí àwòrán b\* yìí àti ìpín Ìpele 5 fẹnu kò. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, ó ṣeé ṣe kí oòrùn ti pa á kó tó fi ìpara lé e. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìdádúró ti oòrùn.

Ìpele 7: Ẹ tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ lo iná, káàdì àti ojúkò kan náà. Àwọ̀ ìpara yóò ti dínkù púpọ̀, yóò sì ti di àbùlẹ̀ àbùlẹ̀, pàápàá ní ọrùn ọwọ́ àti ibi tí aṣọ ń fi ara họ. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn àpótí mẹ́ta tí ẹ fà lórí ojúkò kan yóò pọ̀ sí i. Àwọ̀ oòrùn yóò ṣì wà, yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà káàkiri. Ẹ béèrè bóyá oníbàárà tún ìpara pa láàárín ọ̀sẹ̀ náà, torí pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń tún un pa kí ó tó ṣá.

*Àyẹ̀wò:* Kí iṣẹ́ lésà tó bẹ̀rẹ̀, ìdínkù búlúù láàárín ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ sí àti ojúkò ìfiwéra gbọ́dọ̀ ti padà sí iye tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́ oníbàárà náà. Bí kò bá sí fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ dán lésà wò lójú kékeré kan, kí ẹ tẹ̀ lé òfin ilé ìtọ́jú yín lórí iye àkókò tí ẹ ó fi dúró kí ẹ tó wo èsì rẹ̀.